Mo Ti Yọ Fídíò Yẹn Kúrò

Ẹ fara balẹ̀ kà á, ó máa gùn díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín, fídíò kan tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá lẹ fi mọ̀ mí: "Bí ọkùnrin bá di ọwọ́ ẹ mú." Mo wọ aṣọ funfun, mo de bẹ́líìtì dúdú. Àbúrò mi ọkùnrin di ọrùn ọwọ́ mi mú, mo yí i, mo já a gbà, mo sún sẹ́yìn, mo gbé ẹsẹ̀ sókè dé ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀. Kíá, ó ti parí. Ẹ pín in káàkiri. Àwọn ìyá kan tiẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí ọmọ wọn nílé ìwé.

Mo ti yọ ọ́ kúrò. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé.

Igbó-Elérin ni mò ń gbé. Ìgbà tí mo wà ní LASU ni mo kọ́ taekwondo, kí n tó ṣe tán mo ti gba bẹ́líìtì dúdú. (Ìyá mi ò gbà pé ẹ̀kọ́ ni títí dòní. Ó ní àwọn ọmọ ẹlòmíì ń kọ́ ìránṣọ.)

Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, àwa kan máa ń pàdé ní pápá kan ládùúgbò wa. Kì í ṣe ẹgbẹ́, a ò lórúkọ. Àríyànjiyàn ló bí i. Ọmọ bárékè Ọ̀jọ́ kan tó ń ṣe júdò àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ló ń jiyàn nídìí ẹ̀wà àgányìn. Ọ̀kan ní bí òun bá ti lè fọwọ́ kan kọ́là ẹ̀, ó ti tán. Èkejì ní kó tó fọwọ́ kàn án, eyín ẹ̀ á ti wà nílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wà ní kí wọ́n kúrò nídìí ọjà òun, kí wọ́n lọ wádìí ẹ̀ ní pápá.

Wọ́n lọ lóòótọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín bọ̀, ọ̀kan ń tiro, èkejì ń di imú mú. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún lọ.

Díẹ̀díẹ̀ la ń pọ̀ sí i. Oníkárátè kan dara pọ̀ mọ́ wa. Bàbá kan tó ń lẹ táyà lọ́nà Ìbà náà dé, ẹkẹ ló mọ̀ ní tiẹ̀, abúlé ló ti kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọ Háúsá kan tó ń ta ẹran ní Alábà Rágo náà dé, òun ń ja dambe.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí dambe, torí mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ kan ni wọ́n ń fi aṣọ àti okùn dì. Ọwọ́ yẹn ni ọ̀kọ̀, mashi lédè wọn. Ọwọ́ kejì wà ní títẹ́ níwájú, ìyẹn ni asà, garkuwa. Ìpele mẹ́ta ni ìjà kan. Bí ọwọ́ ẹ, orúnkún ẹ tàbí ara ẹ bá ti kan ilẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti pa ẹ́ nìyẹn. Pípa gan-an ni wọ́n ń pè é, kisa. Láyé àtijọ́, àwọn alápatà ló ń jà á jù. Ọmọ Alábà Rágo yìí ní bàbá òun jà á, bàbá bàbá òun náà jà á.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èmi àti ẹ̀ jọ dúró, ó wo ọwọ́ méjèèjì tí mo gbé sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sister, ọwọ́ yìí, kì í ṣe ọwọ́ ìjà. Ọwọ́ ìkíni ni."

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ títẹ́ tiẹ̀ yẹn, ńṣe ló fi ń wọn ọ̀nà. Bó bá ti lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan iwájú orí mi, ó mọ̀ pé ọ̀kọ̀ máa dé ibẹ̀. Mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Èmi náà kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń fi ẹsẹ̀ iwájú ti ẹni tó ń bọ̀ ní àyà kó tó sún mọ́ni. Ó kọ́kọ́ ní ìwà ojo ni, àfìgbà tó gbìyànjú ẹ̀ lára oníkárátè.

Oníkárátè yẹn kò wá mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ bárékè gbé e lulẹ̀ láàárọ̀ kan, ó ní júdò kì í ṣe ìjà, ìfanilásọ lásán ni. Mo bá a dá sí i. Èmi náà ń fojú tín-ínrín wo júdò nígbà yẹn, bẹ́líìtì dúdú ti ń gùn mí.

Ìgbà tí mo délé ni mo wá lọ ka ìtàn. Ní 1882 ni Jigoro Kano dá Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo, ibẹ̀ ni júdò ti bẹ̀rẹ̀. Kano fúnra ẹ̀ ti kọ́ jujutsu ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó da tiẹ̀ pọ̀. Ní 1922, Gichin Funakoshi tó wá láti Okinawa lọ fi kárátè hàn án níbẹ̀. Bẹ́líìtì dúdú tí àwọn oníkárátè ń dè, ọwọ́ júdò ni wọ́n ti gbà á. Púpọ̀ nínú àwọn tó dá taekwondo sílẹ̀ ní Kòríà sì rèé, kárátè ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́. Bẹ́líìtì tí mo fi ń yangàn sí ọmọ bárékè, àṣé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá tiwọn ló ti wá. Mi ò sọ fún un o. Ẹ̀yin nìkan ni mò ń sọ fún.

Ó kàn bàbá tó ń lẹ táyà.

Mo fẹ́ ṣe fídíò ọwọ́ dídì yẹn ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, torí ti àkọ́kọ́ ta. Mo gbé fóònù sórí ìdúró ẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọwọ́ mi mú."

Wọ́n ní, "Ṣé kí n dì í mú bí ọ̀rẹ́ ni, àbí bí olè?"

Mo ní, "Bí olè, sà."

Àbúrò mi, tó bá di ọwọ́ mi mú, á dúró. Bàbá yìí ò dúró. Bí wọ́n ṣe dì í mú ni wọ́n ti fà á, orí wọn ti wà ní èjìká mi, àyà wọn ti wà lára mi. Mo yí ọwọ́, wọ́n tẹ̀ lé ọwọ́ náà. Mo fẹ́ sún sẹ́yìn, kò sí ẹ̀yìn mọ́. Mo bá gbé ẹsẹ̀, àṣé ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Wọ́n ti fi ọwọ́ kan gbá orí mi mú kó má baà gbá ilẹ̀.

Mo ní ká tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n dá mi.

Wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n ń nu ọwọ́ wọn sára ṣòkòtò. "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ pé olè máa dúró dè ẹ́?"

Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje taekwondo, wọn kì í gbáni mú. Wọn kì í tani nípàá nísàlẹ̀ ìbàdí, wọn kì í kanni lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó dì mí mú kó má fẹ́ fi mí sílẹ̀ rí. Bẹ́líìtì mi kì í ṣe irọ́. Ohun tí mo ní ó lè ṣe nirọ́. Israel Adesanya pàápàá, tí wọ́n bí sí Èkó níbí, tó fẹsẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ UFC ní 2019, ní March 2021 tó lọ bá Jan Blachowicz tó tóbi jù ú lọ, ilẹ̀ ni ìyẹn gbé e sí lápá ìparí ìjà, ó dùbúlẹ̀ lé e. Àgbà ọ̀jẹ̀ mà nìyẹn o. Èmi tí mò ń ta òfuurufú nípàá níwájú fóònù ńkọ́?

Mo lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rín, kí n gbé fídíò ẹ̀ẹ̀mẹfà yẹn síta, ẹ̀ bá sì rín in. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀.

Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní òun lo ohun tí mo kọ́ òun. Ẹni tó di òun mú ò fi òun sílẹ̀, bí òun ṣe gbé ẹsẹ̀ ló ti òun, òun ṣubú lé ọwọ́, ọwọ́ sì ṣẹ́. Àwọn tó ń kọjá lọ ló gba òun sílẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Sister mi, kí ni mi ò ṣe dáadáa?"

Mo dá a lóhùn. Èsì mi ṣì wà níbẹ̀, mo tún un kà lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn: "Pẹ̀lẹ́ o dear. O ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa ni. Máa ṣe é lójoojúmọ́, á mọ́ ẹ lára." Mo fi àmì ọkàn pupa méjì sí i.

Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ wà nínú bàńdéèjì ni mo ń sọ fún pé kó lọ máa ṣe é lójoojúmọ́.

Láti ìgbà yẹn, bàbá àti ọmọ bárékè ló ń kọ́ mi ní gbogbo Sátidé. Ìbàdí nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ìgúnpá mọ́ ìhà, pariwo, bí ọwọ́ bá ti já, sáré. Kò rẹwà lójú fóònù rárá. Ní báyìí, nínú ẹ̀ẹ̀mẹwàá, mo máa ń já gbà lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn lọ́wọ́ bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó sì ń rọra. Torí náà ẹ má bi mí pé fídíò tuntun dà. Kò sí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ wá ẹni tó máa dì yín mú ní ti òótọ́, tó sì máa gbá orí yín mú bí ẹ bá ń ṣubú.

Mo ti kọ̀wé sí ọmọbìnrin yẹn. Mo sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan tó kù díẹ̀ káàtó, pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí mi ò dán wò rí. Mo béèrè iye tó ná nílé ìwòsàn. Ó ti kà á láti Tuesday. Kò tíì dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ fi fídíò àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí ọmọ yín, àbúrò yín, ọ̀rẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ sí wọn.