Ìdérí Ìkòkò Ńlá: Ohun Tí Asẹ́ Kámẹ́rà Kọ́ Wa ní Okpomèta

Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Kòtò tí àwa jìn sí kò ju mìlímítà méjìdínlógún lọ. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnu lẹ́ńsì tó kéré jù àti ẹnu èyí tó tóbi jù nínú lẹ́ńsì mẹ́ta tí a gbé lọ sí Okpomèta. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó gba ohun kan lọ́wọ́ wa tí a kò rí gbà padà. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ gba ohùn àti àwòrán àwọn elédè sílẹ̀.

Okpomèta wà ní agbègbè Kétu, ní ẹ̀ka ilẹ̀ Plateau, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní oṣù Kínní ọdún 2024, àwa mẹ́rin gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìmẹ̀kọ, a dé ẹnu ibodè Ìlárá, a sì wọ ilẹ̀ Kétu. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa sì bo ewé, bo òrùlé, bo àwa náà. Orúkọ ìlú tí a ń lọ gan-an ló ti kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa nínú mọ́tò. Ọ̀kan nínú wa rí “Okpomèta”, ó ní kọ́ńsónáǹtì méjì ló tẹ̀ lé ara wọn. Rárá o. Ìró kan ṣoṣo ni. Ìró tí àwa ní Nàìjíríà ń fi p kọ, kp ni wọ́n ń fi kọ ọ́ ní Benin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi ɛ àti ɔ kọ ẹ àti ọ tiwa. Bí a bá wo ẹnu ẹni tó ń pè é, a ó rí i pé kp tiwọn sọ òtítọ́ ju p tiwa lọ, nítorí pé àfàsé àti ètè jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ìró yìí àti gb, ìkejì rẹ̀, ló gbé wa lọ. A fẹ́ ya àwòrán ètè àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ti ń pe àwọn àfàfàséfètèpè wọ̀nyí, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Kámẹ́rà kò lè rí àfàsé, ṣùgbọ́n ó lè rí ètè. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni ètè méjèèjì fi ń pàdé. Bí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, méjì tàbí mẹ́ta péré ni yóò bá ètè ní pípadé. Nítorí náà a gbé e sí àádọ́ta, a sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà máa là fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá fún àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Níbí ni ọ̀rọ̀ asẹ́ ti wọlé. Dígí tí wọ́n ń fi sí ẹnu lẹ́ńsì, tí àwọn ayàwòrán ń pè ní fítà, asẹ́ ni àwa ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ asẹ́ ògì ló ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ohun tí a fẹ́ kọjá, ó sì ń dá ìyókù dúró. Nínú oòrùn gangan, bí kámẹ́rà bá wà ní ISO 100, ihò lẹ́ńsì ní láti kéré dé f/16 kí àwòrán wa tó dára. Ṣùgbọ́n ní f/16, gbogbo ẹrùn eruku tó bà sínú kámẹ́rà ló ń hàn bí àmì dúdú, aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì ń hàn ketekete bí ètè rẹ̀. f/4 ni a fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ní f/4 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ti f/16. Asẹ́ tí wọ́n ń pè ní ND16 ló bá a mu: ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó kọjá, kò sì yẹ kó yí àwọ̀ ohunkóhun padà.

Àṣìṣe wa bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti ra asẹ́ náà. Lẹ́ńsì mẹ́ta tí a yá lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, ẹnu wọn kò bára mu. Èyí tó kúrú jẹ́ mìlímítà 49, èyí tó ń fẹ̀ jẹ́ 58, èyí tó gùn jẹ́ 67. Owó ọwọ́ wa kò tó, a sì ra asẹ́ fún 49, nítorí pé bí asẹ́ ti kéré tó ni owó rẹ̀ ti kéré tó. A wá ra òrùka tí yóò so ó mọ́ àwọn lẹ́ńsì yòókù. A rò pé a gbọ́n.

Ní ọjọ́ kejì tí a dé, lẹ́yìn tí a ti kí olórí ìlú tí a sì ti gbàyè, wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí alálọ̀ọ́. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, ìyá súre fún wa. Ẹ̀pà ni wọ́n ń pa nínú oòrùn ní iwájú ilé. Wọ́n pe àwọn ọ̀rọ̀ tí a tò sílẹ̀ fún wọn, lẹ́ńsì kúkúrú sì ya iwájú ẹnu wọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ìyá ní àwọn yóò pa àlọ́ kan fún wa, àlọ́ tó kún fún kp àti gb, tí orin rẹ̀ sì ń fi ìró méjèèjì ṣeré. Inú wa dùn. A sáré láti fi lẹ́ńsì gígùn ya ẹ̀gbẹ́ ojú wọn.

Asẹ́ kọ̀, kò yí. Eruku ọyẹ́ ti wọ inú tírẹ́ẹ̀dì, irin sì ti mú irin. Bí a ti ń fún un tó ni ó ń le tó. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni a mọ̀ pé fífún un gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́: òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń di ọlọ́gọọrọ, ó sì ń há sí i. Ọmọ kékeré kan ló bọ́ sílípáàsì rọ́bà rẹ̀ fún wa. A tẹ ẹnu asẹ́ mọ́ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ, a yí i, ó sì bọ́. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í dúró de ẹ̀rọ. Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Nígbà tí a fi máa so asẹ́ kékeré mọ́ lẹ́ńsì ńlá, wọ́n ti dé ìdajì orin. A wo ojú kámẹ́rà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán ṣókùnkùn. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu: lẹ́ńsì tó gùn dé mìlímítà 200 ní f/4 ń fẹ́ ihò tó fẹ̀ dé mìlímítà 50, bẹ́ẹ̀ asẹ́ wa kò tó 49 nínú férémù rẹ̀. A tún un ṣe, a tún un yí. Àlọ́ parí. Ẹ lè ní kí ló dé tí a kò bọ́ asẹ́ dànù kí a lo f/16 bó ti wù kó rí. Òótọ́ ni. Nínú ìpayà, kò sí ẹni tó rántí.

Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n bèèrè ohun tó ń dà wá láàmú, a sì ṣàlàyé. Ohun tí wọ́n sọ, a fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ọ́ síbí: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ìkòkò mẹ́ta ni ẹ gbé ka iná, ìdérí èyí tó kéré jù ni ẹ mú wá. Ìdérí ìkòkò ńlá a máa bo kékeré. Ìdérí kékeré, inú ọbẹ̀ ló ń já sí.” A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún àlọ́ pa. Ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Àwa sì ní láti padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. A ní a ó tún wá.

A ṣe bí ìyá ti wí. A ta asẹ́ 49, a dá owó jọ, a ra ọ̀kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 67. A ra òrùka tó ń mú 49 gbòòrò di 67, àti èyí tó ń mú 58 gbòòrò di 67. Òrùka tó ń mú ẹnu gbòòrò kì í bo igun àwòrán, èyí tó ń mú un kéré ló ń bò ó. Olóòfà sì ni asẹ́ tuntun yìí. Òrùka kan tó ní òòfà wà ní ẹnu lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, yíyí ni a ń yí i sí i nílé kí a tó jáde. Bí a bá ti gbé asẹ́ sún mọ́ ọn, yóò lẹ̀ mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Láti lẹ́ńsì kan sí èkejì, kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ.

Ní oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀, a padà sí Okpomèta. Ọ̀dọ̀ ìyá ni a kọ́kọ́ lọ. Ọmọ wọn ló jáde pàdé wa, ó sọ fún wa kí a tó wọlé pé àìsàn kan ti ṣe wọ́n ní oṣù tó kọjá, ó sì ti fa ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá mọ̀ wá. Wọ́n na ọwọ́ sí wa, wọ́n sì fi ìka bèèrè, pẹ̀lú ẹ̀rín, bóyá a ti rí ìdérí ńlá. A fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé e lé ẹnu lẹ́ńsì fúnra wọn, ó lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ètè kan kò pàdé èkejì dáadáa mọ́. A kò tan kámẹ́rà ní ilé náà ní ọjọ́ yẹn. Ohùn àlọ́ náà wà lọ́wọ́ wa, nítorí pé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò dúró de asẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tó pa á, a kò ní i.

Àwọn mẹ́fà mìíràn ló sọ̀rọ̀ fún wa ní ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo wọn ni a sì yà láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́ láìsí ìdádúró. Síbẹ̀, asẹ́ olóòfà náà ní àléébù tirẹ̀. Ohun tó ń tètè lẹ̀ a máa tètè já. Ní ibi ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan ní ọ̀sán, ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan nínú èrò kan kámẹ́rà wa, asẹ́ sì bọ́ sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé orí koríko ló bọ́ sí. Láti ìgbà náà, inú èrò, èyí tí a ń yí ni a ń lò. Nínú ilé àti ní àgbàlá, olóòfà. Èkejì ni iyanrìn. Ẹni tó bá ti fi òòfà ṣeré nínú iyanrìn nígbà èwe mọ̀ pé ẹrùn dúdú tó ní irin nínú yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹrùn bẹ́ẹ̀ bá wọ àárín òrùka àti asẹ́, asẹ́ kò ní jókòó dáadáa, dígí sì lè ha. Aṣọ kì í nù ún kúrò tán. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ fi gbá a.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè. Tírẹ́ẹ̀dì 67 ti ilé-iṣẹ́ kan yóò wọ 67 ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé àjùmọ̀lò ni. Òòfà kò rí bẹ́ẹ̀. Oníkálukú ló ń ṣe tirẹ̀, òrùka olóòfà ti ẹnìkan sì lè má gba asẹ́ ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dá owó ra á gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, ilé-iṣẹ́ kan náà ni kí gbogbo yín ti rà á.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wọn ẹnu gbogbo lẹ́ńsì tí ẹ yá. Nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ⌀. Ẹ ra asẹ́ fún èyí tó tóbi jù, kí ẹ sì fi òrùka gbé àwọn yòókù gòkè. Bí ẹ bá rí òrùka onídẹ, ẹ mú un, kì í tètè há. Ẹ má gbé asẹ́ méjì lé ara wọn lórí lẹ́ńsì tó ń fẹ̀, igun àwòrán yóò ṣókùnkùn. Ẹ fi ìwé funfun tọ́ àwọ̀ kámẹ́rà sọ́nà nígbà tí asẹ́ ti wà lórí rẹ̀, nítorí pé asẹ́ olówó pọ́ọ́kú a máa pa àwọ̀ dà. Ẹ sì ṣe ìdánwò gbogbo rẹ̀ ní ilé, ní iwájú ògiri, títí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ ọ́n.

Lékè gbogbo rẹ̀, bí àgbàlagbà bá ti la ẹnu, tí asẹ́ sì kọ̀, ẹ bọ́ asẹ́ dànù kí ẹ máa yà á. Àwòrán tí kò dára tó ṣì ní ètè nínú.