Ohun Tí A Kò Sọ Fún Ẹ̀gbọ́n Wa

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Kétu láti kán oògùn àjẹsára sí àwọn ọmọdé lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n ti dá àwọn òṣìṣẹ́ náà padà lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Àbíkẹ́yìn wọn kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Wọ́n ní: “Àbúrò mi, ìwọ tí o kàwé, tí o sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, ṣé òótọ́ ni pé oògùn yìí fúnra rẹ̀ lè sọ ọmọ di arọ?”

Kíá ni a dáhùn pé irọ́ ni, pé ọ̀rọ̀ àwọn aláìmọ̀kan ni. Ẹ̀gbọ́n wa wò wá lójú, wọn kò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀kùn wọn kò ṣí.

Ó nídìí tí a fi yára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan wà nínú kíláàsì wa tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tín-ín-rín bí pòpórò àgbàdo. Bí ó bá ń rìn, a fi ọwọ́ ti orúnkún. Bí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ni a máa ń fi ṣọ́ ilé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni kò ti ní láti sáré. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ibà ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí ibà náà yóò fi lọ, ó mú ẹsẹ̀ lọ. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni. Ẹ̀rù pé kí irú rẹ̀ má ṣe wọ agbo-ilé wa ni ó mú wa dáhùn kíákíá, ẹ̀rù a sì máa gé òtítọ́ kúrú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì na ọwọ́ sókè, ó sì béèrè ohun kan náà gan-an. A kò lè pa irọ́ náà ní ẹ̀ẹ̀kejì. A ní kí kíláàsì fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta, a sì padà sídìí ìwé.

Ohun tí a rí nìyí. Kòkòrò àrùn yìí wà nínú ìdílé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní entérovirus, nítorí pé inú ìfun ni ó ti ń pọ̀ sí i. Irú rẹ̀ tí ó ń wọ ara ènìyàn ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ọwọ́ tí a kò fọ̀ àti omi tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ ni ó sábà máa ń gbé e láti ara ọmọ kan dé ara òmíràn. Gbogbo ohun tí ó jẹ́ ni a kọ sínú àkọsílẹ̀ kan tí ó tó nǹkan bí lẹ́tà 7,500, lẹ́tà mẹ́rin péré ni a sì fi kọ ọ́: A, C, G àti U. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó bá wọ̀ lára kì í tilẹ̀ mọ̀: nínú ọmọ 200 tí kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bá wọ̀ lára, bí ọ̀kan ni ó ń sọ di arọ.

Nínú ìdílé yìí, ìbátan méjì lè jọra kí ìwà wọn má dọ́gba. Coxsackievirus A16 àti entérovirus A71 jọ ń mú kí nǹkan wẹ́wẹ́ bí egbò yọ sí ọmọdé lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀ àti lẹ́nu. Èkíní kì í sábà ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì lè dé inú ọpọlọ. Ní Taiwan, ní ọdún 1998, ọmọ 78 ni ó kú nígbà tí A71 tàn kálẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ orí ọmọ àti agbára ara rẹ̀ ní ipa tiwọn, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sínú kòkòrò náà ní ipa tirẹ̀ pẹ̀lú.

Albert Sabin, ẹni tí ó ṣe oògùn àjẹsára tí a ń kán sẹ́nu, wá kòkòrò tí kò lágbára mọ́ láti ba mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn jẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ṣì lè kọ́ ara ọmọ ní ìjà. Irú mẹ́ta ni kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ní. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka àkọsílẹ̀ oògùn irú kẹta, wọ́n rí i pé lẹ́tà bíi mẹ́wàá péré ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára kòkòrò líle tí a ti mú un jáde. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ní láárí. Ọ̀kan wà ní ipò 472: lára kòkòrò líle, C ni, lára oògùn, U ni.

Ta ni ó yẹ kí èyí yé ju àwa lọ, àwa tí a mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, tí ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀? Ibi ìdìmú ni ipò 472 wà, níbi tí ara ènìyàn ti ń di àkọsílẹ̀ náà mú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. U mú kí ibẹ̀ máa yọ̀, pàápàá nínú mùdùnmúdùn.

Ṣùgbọ́n adàwékọ tí kì í fara balẹ̀ ni kòkòrò yìí. Bí ó ti ń da ara rẹ̀ kọ nínú ìfun, ó ń ṣe àṣìkọ, U sì lè padà di C láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lára ọmọ tí ó gba oògùn, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí èyí di jàǹbá, nítorí ara rẹ̀ ń kọ́ ìjà. Níbi tí àwọn ọmọ tí kò gbà á bá pọ̀ sí ni ọ̀ràn wà: ibẹ̀ ni ó ti lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ti òmíràn fún oṣù púpọ̀, títí tí yóò fi le bí ti àtijọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àdáyébá náà ti tán nílẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, ní ọdún 2019, irú kejì tí ó ti ara oògùn wá ti sọ àwọn ọmọ di arọ ní Bẹ̀nẹ̀ níbí. Àwọn onímọ̀ wá tún oògùn irú kejì kọ, wọ́n yí lẹ́tà púpọ̀ padà níbi ìdìmú náà, kí àṣìkọ kan ṣoṣo má ṣe tó láti dá agbára rẹ̀ padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á. Ewu náà dín kù púpọ̀. Kò tán pátápátá.

A sọ gbogbo èyí fún kíláàsì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a lọ bá ẹ̀gbọ́n wa, a jẹ́wọ́ pé a kò sọ òtítọ́ fún wọn, a sì ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n dá ọwọ́ dúró.

“Tí ó bá jẹ́ pé ara ọmọ tí kò gba oògùn ni ó ti ń rí ilé gbé, ọmọ tèmi yìí ni ilé náà nìyẹn?”

A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. “O ò bá ti sọ èyí fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣé o rò pé n kò ní lè gbọ́ ọ ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá ju bí a ti rò lọ, nítorí òótọ́ ni. Àìmọ̀kan tí a sọ pé ó wà lára àwọn ẹlòmíràn, ara wa ni ó wà.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ padà wá, ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn ni wọ́n gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀. Ẹ̀kán méjì, àmì dúdú lórí ìka, ó parí. Wọ́n wá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ dúró díẹ̀, wọ́n sì lọ pe ìyàwó àbúrò ọkọ wọn ní ẹ̀yìnkùlé pé kí ó kó àwọn ọmọ tirẹ̀ wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní ilé yín, ẹ̀yin ni wọn yóò bi. Bí ọjọ́ náà bá dé, ẹ má ṣe gé ìdáhùn kúrú. Ẹ jókòó, kí ẹ sọ ọ́ tán.