Ara Tó Bá Rọ̀ Ló Ń Gun Máṣíìnì

(Lábẹ́ igi dóńgóyárò kan ní Plateau, nílùú Niamey, ni Alhaji Múfú ti ń tún máṣíìnì ṣe. Kò dé Ìlú Ọba rí. Ràfíù, àbúrò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé.)

ALHAJI: Ràfíù, wọ́n ní ò ń sanwó lọ́hùn-ún kí o lè máa gun máṣíìnì yí po lójú kan. Ibi tí o ti gbéra náà lo tún ń padà sí. Kí ni èrè ibẹ̀?

RÀFÍÙ: Ẹ̀gbọ́n, Brands Hatch ni, ní Kent. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ìdíje. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń kọrí sí. Kò sí ewúrẹ́, kò sí ọmọdé tó ń já títì, àwọn oníṣègùn sì wà nítòsí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí máṣíìnì mi ṣe ń dúró àti bó ṣe ń yà.

ALHAJI: Wọ́n kàn ń ṣí géètì fún yín ni?

RÀFÍÙ: Rárá o. Wọ́n á wo akoto, aṣọ awọ tó bo ara látọrùn dé kókósẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti bàtà gígùn. Wọ́n á fi ẹ̀rọ wọn ariwo sàléńsà. Wọ́n á wá kọ́ wa ní èdè àsíá: tí pupa bá jáde, kí kálukú dẹ eré, kó padà wọlé. Ìṣẹ́jú 20 péré ni a sì ń gùn ká tó sinmi.

ALHAJI: Ìṣẹ́jú 20? Èmi tí mo ti gun máṣíìnì láti ibí dé Dosso!

RÀFÍÙ: Jíjókòó ti máṣíìnì eré yìí yàtọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ sì wà lókè lẹ́yìn, bí ẹni foríbalẹ̀ ni a ṣe ń tẹ̀ síwájú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọrùn ọwọ́ mi kú tipiri. Mi ò lè ṣí ìgò omi.

ALHAJI: Ìwọ lo gbé gbogbo ara lé ọwọ́.

RÀFÍÙ: Ohun tí olùkọ́ mi wí gan-an nìyẹn. Ó ní kí n fi itan méjèèjì di táǹkì mú, kí ikùn àti ẹ̀yìn gbé mi ró, kí ìgúnpá lè rọ̀ bí apá adìyẹ.

ALHAJI: Òótọ́ ni. Tí ọwọ́ bá ti ń ro èèyàn, ìrora ló ń gbọ́, kì í gbọ́ ohun tí bíréèkì ń sọ mọ́. Àwọn ọmọ ń ra máṣíìnì níbí, wọn kì í béèrè bóyá ó bá ara wọn mu. Èmi ni mo máa ń yí ọwọ́ bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀ fún wọn, kí ọrùn ọwọ́ wọn má baà ká.

RÀFÍÙ: Mo tún máa ń dí etí mi, torí ariwo atẹ́gùn lórí eré ń ba etí jẹ́. Mo sì ń mu omi kí òùngbẹ tó dé.

ALHAJI: Nínú oṣù kẹrin wa níbí, tí ooru ń lé ní 40, ta ni kò ní mu omi? Máṣíìnì náà lára. Eruku ọyẹ́ ń dí fílítà rẹ̀ ní imú, iyanrìn ń jẹ ṣéènì rẹ̀. Ìdíje Paris sí Dakar àkọ́kọ́, tó parí ní 1979, gba Niger kọjá. Nígbà tó di 1983, Yamaha fi Ténéré, orúkọ aṣálẹ̀ wa, sọ máṣíìnì wọn. Aṣálẹ̀ yẹn kì í fojú rere wo ẹni tí kò múra.

RÀFÍÙ: Igi Ténéré tó wà ní aṣálẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù Niamey?

ALHAJI: Ohun tó kù lára rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun nìkan ló dá dúró lórí ilẹ̀ tó lọ salalu. Síbẹ̀, awakọ̀ ẹrù kan kọlù ú ní 1973.

RÀFÍÙ: Olùkọ́ mi ní ibi tí ojú bá tẹjú mọ́ ni máṣíìnì ń lọ. Ẹni tó bá ń wo kòtò, kòtò ló máa bá.

ALHAJI: Ó mọ̀ ọ́n. Gbé máṣíìnì rẹ wá lọ́la kí oòrùn tó mú.

RÀFÍÙ: Ẹ̀gbọ́n, títì gidi nìyí o, mi ò lè sáré níbí.

ALHAJI: Ta ló ní kí o sáré? Orí ìdúró rẹ̀ lo máa jókòó sí. Ìgúnpá rẹ ni mo fẹ́ wò.