Àfikún Tí Kì í Fẹ́ Tán

Orí pépà àpò sìmẹ́ǹtì ni mo ti ṣe ìṣirò tí mo fẹ́ sọ yìí, ní Ifangni, létí ààlà Benin àti Nàìjíríà. Ìyá kan tó ń fún epo pupa fẹ́ gbé tánkì omi mẹ́ta sókè, 5,000 lítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òpó irin mẹ́rin ni yóò rù wọ́n, 4 mítà ní gíga. HEA 120 ni irin náà: bí ẹ bá gé e wò lórí, lẹ́tà H ni ẹ ó rí. Irú òpó bẹ́ẹ̀ ní ìhà kan tó le àti ìhà kan tó rọ̀. Nínú àwòrán mi, irin ìdábùú ló ń ran ìhà tó rọ̀ lọ́wọ́. Ìhà tó le ni mo fi sílẹ̀ kó dá dúró, kí ọmọlanke tó ń kó ẹyìn lè máa gba abẹ́ tánkì kọjá.

Nígbà tí mo débẹ̀, kọnkéré ti di ìdí òpó mú. Wọ́n ti yí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn kò sì yí ìdábùú. Ìhà tó rọ̀ ló wá dá wà.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo tún un wò. Ó ní bí ìjì bá fẹ́, orí òpó yóò sún ní 26 mílímítà. Ẹ̀gbọ́n tó ń jó irin ní ìyẹn kò burú. Èmi náà ì bá gbà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí mo ní kó ṣe kò ka ohun tí ẹrù ń ṣe lẹ́yìn tí òpó bá ti tẹ̀. Mo ya àpò sìmẹ́ǹtì kan, mo sì mú bíró.

Ẹ wo ẹni tó ru kẹ́ẹ̀gì epo. Bí ọrùn rẹ̀ bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹrù ti yà kúrò lókè ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bí ó ti yà, yóò tún máa fa ọrùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i. Èyí tó fà sí i yẹn ni à ń pè ní ìpele kejì. Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi hàn ní 1744 pé òpó kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ dé. Fún òpó tiwa, ó tó 20 tọ́ọ̀nù ní ìhà tó le. Ní ìhà tó rọ̀, kò ju 7.6 lọ. Bí a bá ka omi, tánkì àti pẹpẹ wọn pọ̀, tọ́ọ̀nù márùn-ún ló máa wà lórí òpó kan.

Ìhà tó le ni mo kọ́kọ́ ṣe, kí n lè rí bó ti yẹ kó rí. Ìjì tó ti orí òpó pẹ̀lú agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo 60 kílò sún un ní 10 mílímítà. Ẹrù rí 10 yẹn, ó fi 2.5 kún un. Ó rí 2.5, ó fi 0.6 kún un. Lẹ́yìn náà 0.16. Gbogbo rẹ̀ kò ju 13.3 lọ.

Mo bọ́ sí ìhà tó rọ̀. 26.4 ni ìjì fi bẹ̀rẹ̀. Àfikún àkọ́kọ́, 17.3. Èkejì, 11.3. Mo ń kọ wọ́n lọ sísàlẹ̀ pépà: 7.4, 4.9, 3.2. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Nígbà wo ló máa dúró?" ó bi mí.

"Yóò dúró ní bíi 76, Ẹ̀gbọ́n. Ká ní ẹrù náà tó 7.6 tọ́ọ̀nù ni, kò ní dúró rárá."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọn 76 mílímítà lára òpó, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú kí èèyàn fọwọ́ ṣe é nìyí. Kò yá, ó sì ń súni, ṣùgbọ́n àfikún kì í fara pa mọ́ síbì kankan: ẹ ó rí i bó ṣe ń kéré sí i, tàbí bó ṣe kọ̀ láti kéré.

Mo máa ń ronú nípa afárá Quebec ní Kánádà. Nínú oṣù Ògọ́sítì 1907, irin ńlá kan tó ń gba ẹrù nísàlẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ìtẹ̀ náà ti dé 2¼ ìńṣì. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn bóyá bẹ́ẹ̀ ló ti rí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ 29, afárá náà wó, òṣìṣẹ́ 75 sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Mohawk láti ìlú kan ṣoṣo, Kahnawake.

Ní Ifangni, a kò lè hú òpó mọ́. Irin kúkúrú ni a jó mọ́ àwọn igun òkè, níbi tí òpó ti pàdé pẹpẹ tánkì, lọ́nà tí ọmọlanke ṣì fi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ méjì ló gbà wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pọn omi kún tánkì kẹta, mo so nọ́ọ̀tì wíwúwo kan mọ́ okùn láti òkè, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí abẹ́ rẹ̀. Ìyá jáde ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó bá mi lórí ìlóṣòó.

"Ọmọ mi, tánkì wà lókè, kí lò ń wò nílẹ̀?"

Mo nawọ́ sí nọ́ọ̀tì náà. Ó gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀, òun náà lóṣòó.

"Ó ṣì wà lórí àmì," ó wí.