Àwa La Sá, Àwa Náà La Lé Ara Wa

Nídìí iṣẹ́ fíìmù Yorùbá, wákápáàsì ni wọ́n ń pe irú wa. Ẹni tó kàn gba iwájú kámẹ́rà kọjá ni. Ó lè ru igbá lọ sọ́jà, ó lè jókòó síbi òkú, ó lè kú sẹ́bàá ọ̀nà. Kò lórúkọ, kò sì ní gbólóhùn kan tó máa sọ. Mo ti ṣe é rí. Fíìmù tó ń dẹ́rù bani ni, inú igbó la ti yà á, lóru, owó tí wọ́n fi ṣe é kò sì tó nǹkan. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ nìyí. Ó ti pẹ́ nínú mi, ẹnì kan péré ni mo sì tíì sọ gbogbo rẹ̀ fún.

Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa nínú oṣù Kẹta ọdún 2020, owó oṣù wa dúró. Ẹni tó bá ṣe tíṣà aládàáni lásìkò yẹn á mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn kan nínú wa ń ta ẹ̀wà, àwọn kan ń gun ọ̀kadà. Inú oṣù Karùn-ún ọdún náà ni Màámi jáde láyé n'Íkìrun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa wọ́n, kì í ṣe kòrónà. Ṣùgbọ́n ìjọba ti fòfin de ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá, àmọ́ èmi ò lówó rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin wọ́n. Bàámi pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, "A ti ṣe é tán o." Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Mo fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, mo lọ sùn.

Mi ò sunkún. Ohun tí mi ò lè sọ lójú àwọn ẹbí nìyẹn, torí ẹni tí kò bá sunkún ìyá rẹ̀, ojú tí wọ́n máa fi wò ó kò dára. Kì í ṣe pé ọkàn mi le. Ọkàn mi ò kàn gbà pé wọ́n kú ni. Mi ò rí òkú, mi ò rí sàréè, mi ò bá ẹnikẹ́ni kọrin. N'Íkìrun tó wà lójú inú mi, Màámi ṣì ń wọn ìrẹsì fún oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà máa ń sọ ìtàn àkúdàáyà fún wa, ẹni tó kú sí ìlú kan, tí wọ́n tún wá rí i nílùú mìíràn tó ń tajà, tó ti lọ́kọ, tó ti bímọ, títí ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú yóò fi débẹ̀. Ọjọ́ náà ló máa pòórá. Èmi ni mo sọ ìyá mi di bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá ti dé Ìkìrun, wọ́n wà láàyè.

Nínú oṣù Kẹjọ, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ránṣọ fún àwọn òṣèré sọ fún mi pé wọ́n ń wá èèyàn. Wọ́n á fún wa lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ, wọ́n á sì fi nǹkan díẹ̀ lé e. Mo lọ, mi ò sì sọ fún Bàámi. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà, fíìmù tí iwin tàbí ẹbọra bá ti yọjú nínú rẹ̀ kì í pẹ́ tí wọ́n á ní ká pa tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ ká wò tán nígbà tá a wà ní kékeré, Agbára Ńlá, tí Mount Zion ti Mike Bamiloye ṣe. Fíìmù yẹn kó jìnnìjìnnì bá mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè dá lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, ṣùgbọ́n Jésù ló borí níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí Bàámi gbà á. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà ni mo ti ń fẹ́ sọ fún wọn pé ìjọ wà lára ibi tí eré wa gan-an ti wá. Hubert Ògúndé tó gbé àjẹ́ jáde nínú fíìmù Ayé lọ́dún 1979, eré Ọgbà Édẹ́nì ló kọ́kọ́ ṣe, ìjọ Aládùúrà kan l'Ékòó ló sì ṣe é fún, lọ́dún 1944. Mi ò láyà láti sọ ọ́.

Oko kan lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n ti ya fíìmù náà. Òfin kónílé-ó-gbélé ṣì wà nígbà yẹn, láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́rin ìdájí, nítorí náà ẹni tó bá ti wọ inú igbó, ó di kí ilẹ̀ mọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ṣe àdúà, àwa onígbàgbọ́ náà gbàdúrà. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn àpáta lókèèrè kí ariwo rẹ̀ má baà wọnú fíìmù, wọ́n wá fa wáyà gba àárín àgbàdo dé ọ̀dọ̀ wa. Bí iná ṣe tàn báyìí ni gbogbo kòkòrò oko dà bò ó.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń wo irú fíìmù yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀rù, torí iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ẹ̀rọ tó ń tú èéfín jáde wà, ṣùgbọ́n owó ò tó láti yá a. Ẹ̀ṣẹ́ná igi ni wọ́n dáná sí, wọ́n kó imọ̀ ọ̀pẹ tútù lé e lórí, àwọn ọmọkùnrin méjì ń fi páálí fẹ́ ẹ sí ibi tí dírẹ́tọ̀ bá nàka sí. Atẹ́gùn á yí padà, gbogbo rẹ̀ á dà sójú àwa fúnra wa, a ó dúró kó tó rọlẹ̀. Ṣúgà ni wọ́n fi se ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á bù ú sómi, wọ́n á sè é títí á fi ki, wọ́n á po àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ ọn, wọ́n á wọ́n kòkó díẹ̀ sí i kó lè dúdú bíi ti ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ lára aṣọ. Ó dára lójú kámẹ́rà. Àmọ́ ilẹ̀ oko lo dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú ṣúgà lọ́rùn, èèrà ò sì mọ̀ pé eré ni. Ẹni tó bá jẹ́ òkú kò gbọdọ̀ yẹra. A máa ń fara dà á títí wọ́n á fi ní "Kọ́tì!" kí a tó nu ara.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dírẹ́tọ̀ wa, ó sì mọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí à ń dúró de oúnjẹ, ó sọ fún wa nípa George Romero tó ṣe Night of the Living Dead, fíìmù tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968, tí wọ́n yà ní ilé oko kan nítòsí Evans City ní Pennsylvania. Bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́fà dọ́là ló ná wọn, owó táṣẹ́rẹ́ lójú àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù tibẹ̀. Fíìmù dúdú-àti-funfun ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè lo omi ṣokoléètì bí ẹ̀jẹ̀, tí kò sí ẹni tó mọ̀. Nínú àwọn tó ṣe òkú tó ń rìn, àwọn ará àdúgbò pọ̀ níbẹ̀. Ó wò wá, ó ní, "Irú yín ló gbé e." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó ti bá wa sọ irú rẹ̀ látìgbà tá a ti dé.

Níwọ̀n bí a kò ti pọ̀, àwa kan náà la ṣe ìhà méjèèjì. Ní òru àkọ́kọ́, ará abúlé ni wá, a ró ìró ilé, à ń sá fún àwọn òkú. Kò sí òkú kankan lẹ́yìn wa. Ọmọkùnrin kan ló di tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí ọ̀pá, ibi tó bá gbé e sí ni kí ojú gbogbo wa lọ. Dírẹ́tọ̀ ní kí a má tètè pariwo. Ó ní ká kọ́kọ́ wò, kí èémí ká wa lọ́nà ọ̀fun, kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Ẹni tó bá lọgun kó tó rí nǹkan, irọ́ ló ń pa, olùwòran á sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé kúrò níbẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ dòní. Ojú iwin kì í dẹ́rù bani. Àtíkè ni. Ojú ìyálọ́jà tó ju igbá sílẹ̀ tó sì gbàgbé ọmọ tó fà lọ́wọ́, ojú yẹn ni olùwòran fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù ba òun. Wákápáàsì ló ni ojú yẹn. Ẹ bọ́ wa kúrò nínú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí i pé ọkùnrin kan tó kun ẹfun ló ń rìn gbéregbère nínú oko àgbàdo.

Ní òru kejì, ó kàn wá láti jẹ́ òkú tó ń lépa. Wọ́n wé aṣọ funfun mọ́ wa, wọ́n fi àtíkè àti ẹfun kùn wá lójú. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ojú fún wa wá já òwú, ó ní kí n gbé orí sókè, ó sì kì í bọ ihò imú mi méjèèjì. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe é fún Màámi báyìí. Ẹnì kan gbé orí wọn sókè, ó sì fi òwú dí ihò imú wọn, n'Íkìrun, mi ò sí níbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún, kò sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan fún mi tó wọlé bí òwú yẹn ṣe wọlé.

Mo kúrò nínú iná, mo lọ dúró sẹ́yìn igi. Omijé ń ṣàn, mi ò sì lè fi imú mí. Ìyá àgbàlagbà kan wà láàárín wa, ẹni tó ti bá àwọn alárìnjò káàkiri nínú ọkọ̀ akẹ́rù láti bíi ọdún 1970. Òkú ni àwọn náà, ẹfun funfun wà lójú wọn. Wọ́n wá bá mi.

"Ta ló kú fún ẹ?"

"Màámi ni, mà."

"O bá wọn sin ín?"

"Rárá, mà. Wọ́n ti ọ̀nà."

Wọ́n yọ òwú kúrò nímú mi pẹ̀lú ìka wọn. "Sun ún. Wọn ò tíì pè wá. Bí wọ́n bá pè wá, màá ní ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí, màá jẹ́ kí wọ́n dúró."

Mo sun ún. Wọ́n dúró tì mí títí, wọn ò sọ pé ó tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi lọ bá ọmọbìnrin yẹn kó tún àtíkè mi ṣe, wọ́n sì sọ fún un pé èéfín ló bà á jẹ́.

Ìyókù ìjẹ́wọ́ mi nìyí, ó sì ṣòro fún mi láti sọ ju ẹkún lọ. Nígbà tí wọ́n ní "Ákíṣọ̀n!", tí a ń ti inú èéfín bọ̀, mi ò ṣe eré. Mò ń wo ojú ọ̀nà tí àwa fúnra wa gbà sá lánàá, ó wá yé mi pé òkú tó ń tẹ̀lé alààyè lè má fẹ́ ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kí wọ́n dúró de òun ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan dúró dè mí. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mò ń rìn ni tàbí Màámi. Dírẹ́tọ̀ pariwo "Kọ́tì!" Ó ní kí òkú àárín má rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Èmi ni òkú àárín. A padà sẹ́yìn, a tún un rìn, mo sì rìn bó ṣe fẹ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni, òun ló sì mọ bí ó ṣe máa rí lójú ẹni tó ń wò ó.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni fíìmù náà jáde lórí YouTube. Ní ìparí, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó yá wọn ní jẹnẹrétọ̀, wọ́n kọ ti ẹni tó se oúnjẹ, ó sì yẹ wọ́n. Orúkọ wákápáàsì kankan kò sí níbẹ̀. Tèmi ò dùn mí. Ti ìyá yẹn ló dùn mí dé egungun, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ eré kí wọ́n tó bí dírẹ́tọ̀. Mo ń fi ẹ̀rí yìí bẹ àwọn tó ń ṣe fíìmù: ìwé ni ẹ máa gbé síbi tí ẹ ti ń pín oúnjẹ, kí oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe ń gba abọ́. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Owó tí wọ́n fún mi ni mo fi wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun. Ọ̀nà ti ṣí ṣáájú ìgbà yẹn. Owó ni mi ò ní tẹ́lẹ̀. Mo rí sàréè. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Bàámi, àwọn náà ò sì sọ.

Ọdún tó kọjá ni mo tó sọ fún wọn. Mo gbé fóònù síwájú wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo wà nínú fíìmù kan, ẹ má bínú." Wọ́n wọ awò ojú. Wọ́n wò ó dé ibi tí àwọn òkú ti yọ, wọ́n ní kí n dá a dúró. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú.

"Ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, sà."

"Òwú yìí pọ̀ jù. Wọn kì í ṣe é báyẹn. Ti ìyá ẹ, èmi ni mo já a. Kékeré báyìí ni."

Wọ́n fi ìka hàn mí bó ṣe tó. Mo wá béèrè ẹni tó wẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àbúrò Màámi obìnrin ni, pẹ̀lú ìyá ìjọ kan, àwọn méjèèjì wọ ìbọ̀wọ́ torí ohun tí wọ́n ń sọ lórí rédíò. Mo béèrè aṣọ. Sùtánà ìjọ ni, wọ́n wá fi léèsì tí mo rà fún wọn lọ́dún Kérésìmesì kan bò ó lórí. Mo béèrè orin tí wọ́n kọ, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, bóyá òjò rọ̀, bóyá wọ́n dárúkọ mi. Wọ́n dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí n gbé omi wá fún àwọn, torí ó ku èyí tí wọn ò tíì sọ.