Ẹja àti Edé Bàbá Ìbejì

Bí oníbàárà bá ya ilé Bàbá Ìbejì ní Kákúrí, ní apá gúúsù ìlú Kàdúná, láti wá wọn aṣọ, kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà lé. Àpótí dígí kan wà lórí tábìlì onípákó ní igun tí oòrùn kì í dé. Ewéko tútù yọ̀yọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, omi rẹ̀ mọ́ gaara, àwọn ẹja tí wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ìrù wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí etí gèlè. Lórí òkúta ìsàlẹ̀, àwọn edé pupa kéékèèké ń fi ọwọ́ wẹ́wẹ́ ha oúnjẹ jẹ. Ẹlòmíràn a dúró wò wọ́n títí yóò fi gbàgbé ohun tí ó bá wá. Ẹlòmíràn a bèèrè bóyá wọ́n ṣe é jẹ.

Ọmọ Ọ̀fà ni Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin gòkè lọ sí Àríwá láti wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ahunṣọ Kaduna Textile, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Bàbá hun aṣọ, ọmọ ń rán aṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ahunṣọ tí ó mú kí Kákúrí máa hó yèè nígbà náà ni ó ti ti ilẹ̀kùn pa, ẹni tí ó bá sì ń fi abẹ́rẹ́ jẹun níbẹ̀ mọ̀ pé owó kò yá wọlé mọ́. Èyí ni ó fà á tí oníbàárà kan tí ó jẹ ẹ́ ní owó ìránṣọ agbádá mẹ́ta fi gbé àpótí dígí òfìfo wá dípò gbèsè. Bàbá Ìbejì fi téépù wọn àpótí náà bí ẹni wọn àyà àti èjìká: íǹṣì 24 ní gígùn, íǹṣì 12 ní ìbú, íǹṣì 12 ní gíga. Omi tí yóò gbà tó lítà 56, ìyẹn ni pé yóò wúwo ju àpò ìrẹsì ńlá kan lọ bí ó bá kún. Nítorí náà, tábìlì ni ó kọ́kọ́ ná owó lé kí ó tó ra ẹja kankan.

Ẹja tí ó rà ni èyí tí wọ́n ń pè ní gọ́pì. Ó fi ọṣẹ fọ àpótí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó bu omi ẹ̀rọ kún un, ó sì da gọ́pì mẹ́wàá sí i lọ́jọ́ kan náà. Kí ó tó di ọjọ́ karùn-ún, mẹ́jọ ti léfòó.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "èyí tí ẹ rà láti máa wò yìí yára kú ju èyí tí mo rà láti sè lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n ó mú un bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ohun tí ó rí ni pé ìmọ́tótó tí òun ṣe ni ó pa ẹja òun. Oògùn tí wọ́n ń fi pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, ìyẹn kiloríìnì, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹja. Ó yẹ kí omi bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ sùn nínú báàkẹ́ẹ̀tì tí a kò dé ní ìdérí kí oògùn náà lè fò lọ. Ọṣẹ náà kò sì ṣe ẹja ní oore. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni pé omi náà kò tíì gbó. Ẹja ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tí kò jẹ tán sì ń rà. Láti inú gbogbo rẹ̀ ni oró kan tí a ń pè ní amóníà ti ń jáde. Nínú odò, omi ńlá a gbé e lọ. Nínú àpótí, ibẹ̀ ni yóò wà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń jẹ amóníà, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di oró mìíràn. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń jẹ oró kejì yìí, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, tí ewéko sì ń fi ṣe ajílẹ̀. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í dé lọ́jọ́ kan. Wọ́n a máa lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó lára òkúta, lára dígí àti nínú fóòmù tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń fa omi gbà kọjá. Ẹni tí ó bá fi ọṣẹ fọ fóòmù náà nítorí pé ó dọ̀tí ti pa wọ́n run nìyẹn, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìbejì ṣe èyí náà lẹ́ẹ̀kan. Nísinsìnyí, omi tí ó bù láti inú àpótí fúnra rẹ̀ ni ó fi ń fún fóòmù náà.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, omi àti ewéko nìkan ni ó wà nínú àpótí náà, pẹ̀lú ìwọ̀nba oúnjẹ ẹja tí ó ń jù sí i kí ó lè rà. Àwọn oníbàárà rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ewéko ni ó kọ́kọ́ fẹ́ràn ṣáájú ẹja. Ọ̀kan nínú wọn, *Anubias barteri*, kì í fẹ́ kí a ri ìdí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ara òkúta tàbí igi ni a ń so ó mọ́ títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi dì í mú. Òwú ìránṣọ ni wọ́n sì fi ń so ó! Ta ni ó tún mọ bí a ti ń so òwú ju télọ̀ lọ? Ewéko yìí kì í ṣe àlejò, nítorí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Orúkọ Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tí ó ń kó ewéko jọ nígbà ìrìn-àjò Baikie lórí Odò Ọya, tí ó sì kú sí Rábà nílẹ̀ Tápà ní 1859. Odò Kàdúná fúnra rẹ̀, ilẹ̀ Tápà yìí náà ni ó ń ṣàn lọ kí ó tó wọnú Odò Ọya. Ó ya ènìyàn lẹ́nu pé ohun tí ń hù létí odò wa ni a wá ń fi owó rà láti òkè òkun, nínú ike, pẹ̀lú orúkọ Látìn lára.

Ní ọdún 1859 kan náà ni Wilhelm Peters ará Jámánì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe gọ́pì fún àwọn onímọ̀, láti ara èyí tí wọ́n kó wá láti Fẹnẹsuẹ́là. Robert John Lechmere Guppy, tí ó ń gbé ní Trinidad, fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ní 1866 sì ni Albert Günther fi orúkọ rẹ̀ pe ẹja náà. Orúkọ ti Peters ni ìwé gbà, ti Guppy ni ẹnu gbà. Gọ́pì kì í yé ẹyin. Ọmọ ààyè ni ó ń bí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ara wọn, nígbà mìíràn 20 sí 50 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ó máa bímọ láìrí akọ sójú. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà ni yóò yíjú padà gbé ọmọ rẹ̀ mì bí ebi bá ń pa á. Inú ewéko tí ó dí ni àwọn tí yóò yè máa ń sá sí. Ìyá Ìbejì kò fẹ́ràn ìwà yìí rárá, ó sì sọ fún àwọn ìbejì pé kí wọ́n má ṣe máa wò ó.

Edé ni ó dé kẹ́yìn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹnìkan fi ránṣẹ́ láti Èkó nínú ọ̀rá, wọ́n sì fi odindi ọjọ́ kan rìn kí wọ́n tó dé Kàdúná. Taiwan àti China ni irú wọn ti wá. Ènìyàn ni ó ṣa èyí tí ó pupa jù nínú wọn títí àwọ̀ náà fi dúró. "Èyí kò lè dun ọbẹ̀ ẹ̀fọ́," ni Ìyá Ìbejì wí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ rẹ̀ rí òkú edé kan lórí òkúta, àyà rẹ̀ já. Nígbà tí ó fi igi yọ ọ́, èèpo lásán ni. Edé máa ń bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti tóbi jù ú lọ, yóò sì fara pamọ́ títí tuntun yóò fi le. Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun ti rí oníbàárà tí kò nílò télọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyọnu tún bẹ̀rẹ̀. Òtútù òru Kàdúná ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kì í ṣe ti Ọ̀fà. Gọ́pì ń fẹ́ omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná mànàmáná kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé láti máa mú omi gbóná. Bàbá Ìbejì fi àjákù aṣọ àti fóòmù rán ẹ̀wù onípele mẹ́ta fún àpótí náà, ó fi bọ́tìnnì sí i níwájú kí ó lè máa ṣí i wò. Gọ́pì mẹ́rin kú lọ́dún náà. Edé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọyẹ́ dé.

Ní oṣù Ògún tí ó tẹ̀ lé e, edé ti lé ní ogójì. Òjò rọ̀, ẹ̀fọn pọ̀, ara Táíwò sì gbóná lóru ọjọ́ kan. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò fi hàn pé ibà ni, wọ́n fún un ní oògùn. Yàrá iwájú tí àpótí wà yìí náà ni àwọn ìbejì ń sùn. Nígbà tí Ìyá Ìbejì gbé ọmọ dé, tí bàbá dúró san owó, ó ti fèrèsé, ó gbé agolo oògùn ẹ̀fọn, ó sì fín in yí gbogbo yàrá náà ká.

Oògùn inú irú agolo bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹ̀yà pyrethroid. Ara ènìyàn a máa yára fọ́ ọ túútúú, ṣùgbọ́n ara ẹja kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ti edé tún burú jù, nítorí ìbátan kòkòrò ni edé í ṣe: èèpo líle, ẹsẹ̀ oníríkèé. Ohun tí ó ń pa ẹ̀fọn kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sì ń fa afẹ́fẹ́ yàrá náà sínú omi láìdáwọ́ dúró.

Ní òwúrọ̀, gbogbo edé ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kẹ́hìndé kà wọ́n dé mọ́kànlélógójì. Àwọn gọ́pì ń mí gúlegúle lójú omi. Bàbá Ìbejì pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà, ó sì rí díẹ̀ gbà là nínú wọn.

"Ṣé oògùn yẹn ni?" Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Táíwò lẹ́yìn.

Ọkọ rẹ̀ mi orí.

"Mi ò mọ̀, Bàbá Ìbejì. Ọmọ ni mò ń wò."

"Èmi ni mi ò sọ fún ọ."

Òtítọ́ ni ó sọ. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tí edé ti dé pé wọn kì í fín oògùn ní yàrá tí edé bá wà, ṣùgbọ́n ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹja kò kan ìyàwó òun. Àwọn aládùúgbò kan dá obìnrin náà lẹ́bi. Ó dájú pé wọn kò tíì gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó bí iná pọ̀n lóru rí. Àwọn mìíràn ní kí ó kó omi òyìnbó náà dànù, nítorí omi tí ó dúró ni ń bí ẹ̀fọn. Èyí kì í ṣe òótọ́ níbi tí gọ́pì bá wà. Bàbá Ìbejì bu tanwíjí láti inú àgbá omi ẹ̀yìnkùlé, ó dà á sínú àpótí níwájú wọn, kò sì pẹ́ tí kò fi ku ẹyọ kan.

Ohun tí wọ́n rí yìí ni ó mú kí Màláámù ìdúró kejì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó da èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú gọ́pì sí gọ́tà àdúgbò, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọn. Ìmọ̀ràn náà dára lójú. Ní Cambodia, wọ́n ti fi gọ́pì sínú ìkòkò omi láti gbógun ti ẹ̀fọn tí ń fa ibà dẹ́ńgì. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí là á yé e pé ẹ̀fọn inú gọ́tà dídọ̀tí kọ́ ni ó sábà ń gbé ibà tí ó ṣe Táíwò. Inú omi òjò tí ó mọ́, tí oòrùn ń pa, bí èyí tí ó dúró sójú ẹsẹ̀ màlúù, ni ti ibà fẹ́ràn láti pamọ sí. Gọ́tà sì ń ṣàn lọ sí odò. Gọ́pì ti tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 60 ní ọ̀nà báyìí, ibi tí ó bá sì dé, a máa du oúnjẹ mọ́ àwọn ẹja ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá Ìbejì kò da ẹyọ kan síta. Ó dé àwọn àgbá omi lórí, ó ra àwọ̀n ẹ̀fọn méjì tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn, ó sì sá wọn sí ìbòòji ẹ̀yìnkùlé fún odindi ọjọ́ kan kí ó tó ta wọ́n sórí ibùsùn àwọn ọmọ. Bí ó bá fọwọ́ kan wọn, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fi kan omi.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí edé tuntun tó dé. Méjìlá ni wọ́n fi ránṣẹ́, mẹ́ta ti kú sínú ọ̀rá. Ìyá Ìbejì ni ó di ike mú nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń fi rọ́bà tín-ínrín kán omi àpótí sí wọn lẹ́kán-lẹ́kán fún bíi wákàtí méjì, kí ara wọn lè mọ omi náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá gba ṣòkòtò ìgbéyàwó rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó wo dígí, inú rẹ̀ dùn, ó sì yọ agolo lọ́fínńdà jáde nínú báàgì.

"Ẹ jọ̀ọ́ o," ni Ìyá Ìbejì pariwo láti ẹ̀yìnkùlé, "ìta ni kí ẹ ti fín in!"