Ẹ Ya Àgbà Lẹ́nu Iṣẹ́ Òòjọ́

Fọ́tò àwọn àgbà wa jọra jù. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa irú ìjókòó yìí: àgbà wọ aṣọ ńlá, ó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọwọ́ wà lórí itan. Àwòrán iyì ni, kò sì yẹ kó parẹ́. Ṣùgbọ́n ipò ló ń fi hàn, kì í fi ẹni náà hàn. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ti dàgbà, tó sì gbà fún yín, ẹ yà á níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, tí àtàǹpàkò ń tẹ etí èèpo títí á fi là, tí ojú rẹ̀ sì wà lára ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìnkùlé. Ohun tí ọwọ́ yẹn mọ̀ kò sí nínú fọ́tò òde ìnáwó kankan.

Àwọn kan á ní àbùkù ni láti ya àgbà nínú ìró àwọ̀sílé, pé ọmọlúàbí a máa bo àgbà láṣìírí. Ọ̀rọ̀ gidi ni, pàápàá lásìkò WhatsApp yìí. Síbẹ̀, jíjí àwòrán yà gan-an ni àbùkù, kì í ṣe ìró. Kí àgbà máa wo gbogbo fọ́tò fúnra rẹ̀, kí èyí tí kò bá fẹ́ sì di pípa rẹ́ lójú rẹ̀. Èyí tí n kò gbà rárá ni pé ọjọ́ lásán kò tó yà. Bí àgbà bá lọ tán, bó ṣe ń wé gèlè láìwo dígí làwọn ọmọ máa ń sọ, wọn kì í sọ ti àga tó jókòó lé.